Fóltì Tí Wáyà Àgbowó Jẹ

Gbogbo ẹni tó gba gbohùngbohùn níbi ìsìnkú Bàbá wa ló ń sọ pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n. Mo jókòó, mo kàn ń wò wọ́n ni. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kẹ̀? Bàbá tí èmi mọ̀ máa ń bá kẹ́tùlù jà. Wọ́n máa ń bá áyọ́ọ̀nù jà. Wọ́n bá pásítọ̀ jà nítorí fáànù ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bá èmi náà jà pé mo ṣí fíríìjì, mo wá dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá tèmi, kí àwọn tó gba gbohùngbohùn máa sọ tiwọn lọ.

Tíṣà físíìsì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àmọ́ Àgbowó ni wọ́n kọ́lé sí, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti yí wọn ká. Ìyá mi, Dúpẹ́, ni àkọ́bí wọn. Akóbọ̀ ni àwọn òbí mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá ni èmi Àbẹ̀kẹ́ ń gbé, torí ibẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn láti máa lọ síbi iṣẹ́ mi ní Dùgbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Mítà kékeré kan wà tí kì í kúrò lápò wọn, èyí tó ní wáyà pupa àti wáyà dúdú, tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń mọ bí iná ṣe lágbára sí. Bí àwọn bàbá mìíràn bá jí, àdúrà ni wọn ń kọ́kọ́ gbà. Bàbá wa náà á gbàdúrà o, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ ki ẹnu mítà bọ ihò ògiri. "Àádọ́sàn-án fóltì," wọ́n á wí, wọ́n á mi orí, bí ẹni tó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Màmá, ìyàwó wọn, á dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ káàárọ̀ náà o. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí bóyá mo sùn dáadáa." Bàbá á ní, "Ta ló lè sùn dáadáa lórí àádọ́sàn-án?"

Kẹ́tùlù ni wọ́n fi kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mi ò lè gbàgbé. Mo fẹ́ po tíì láàárọ̀ kan, mo tan kẹ́tùlù, mo dúró títí ó fi sú mi. Omi ò hó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn oníná. Bàbá wọlé, wọ́n ní kí n dákẹ́ èpè, kí n yí ìdí kẹ́tùlù sókè.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Igba ó lé ogún fóltì, ámípù mẹ́wàá."

"Fóltì ló ń ti iná lẹ́yìn. Ámípù ni bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Fi ámípù pín fóltì."

"Méjìlélógún."

"Méjìlélógún kí ni? Ewúrẹ́?"

"Óòmù, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ni bí wáyà inú kẹ́tùlù yìí ṣe ń dènà iná tó. Iná ìbáà dáa, kó má dáa, ìyẹn ò ní yí padà. Ó yá, fi fóltì táìmùsì ámípù."

"Ẹgbàá ó lé igba."

"Wáàtì. Agbára tó yẹ kó máa se omi rẹ nìyẹn. Àmọ́ iná tòní, àádọ́fà péré ló wà. Ìdajì. Mélòó wá ni agbára tó ń wọnú omi báyìí?"

Mo ní ìdajì náà ni. Háà! Ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín mi! "Ìdajì! Ọmọ tó ka yunifásítì jáde!" Wọ́n ti ìka bọ omi, wọ́n ń kọ ọ́ sórí tábìlì fún mi. Fóltì já sí ìdajì. Óòmù ò yí padà, nítorí náà ámípù náà já sí ìdajì, márùn-ún péré ló ń kọjá. Àádọ́fà lọ́nà márùn-ún, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́ nìyẹn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Iná kì í lọ ní díẹ̀díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Kó o tó rí i pé ìdajì ti lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti bá a lọ."

Wọ́n le o, mi ò ní purọ́. Bí Màmá bá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wákàtí tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, Bàbá á wá yọ áyọ́ọ̀nù lára ògiri. Màmá á tì í padà. Bàbá á yọ ọ́. "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá àwọn oníná ni? Ẹ jẹ́ n lọ aṣọ mi, jàre!" Nígbà mìíràn, wọ́n á wọ aṣọ tó rún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì, ojú Màmá á le bí òkúta. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n rí àwọn èèyàn tí aṣọ wọn nà, Bàbá á fẹnu kò mí létí: "Wò ó, àwọn wọ̀nyí ló jẹ fóltì wa lálẹ́ àná."

Ìjà tó gbóná jù ni ti Alhaja, tí ilé wọn dojú kọ tiwa. Ẹja dídì ni Alhaja ń tà, fíríìsà ńláńlá ló sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Nígbà tí iná ò lágbára mọ́, wọ́n lọ ra sitabuláísà kan, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó bá rọ sókè, tó tóbi bí àpótí aṣọ. Bàbá kọjá sí òdìkejì títì lọ bá wọn.

"Alhaja, nǹkan yìí kì í ṣẹ̀dá iná o. Wáàtì tí fíríìsà yín fẹ́ ò yí padà. Bí fóltì bá ti kéré, ámípù lẹ̀rọ yìí á máa fà sí i kó lè pé. Bí ámípù bá sì ti pọ̀ lórí wáyà àdúgbò, wáyà fúnra rẹ̀ á jẹ nínú fóltì, tàwa yòókù á wá kéré sí i. Àwa náà á wá lọ ra tiwa. Níbo la fẹ́ bá a dé?"

Alhaja gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé kí ẹja mi wá jẹrà ni?"

Bàbá yí padà, mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a fi máa padà dé ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n tó sọ pé, "Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Bàbá náà ló wádìí wáyà àdúgbò wa. Wọ́n bẹ oníṣẹ́ iná kan kó bá wọn wọn iná nídìí tiransifọ́mà, àwọn náà sì ń wọn tilé wa ní wákàtí kan náà. Igba ó lé ogún ló wà lọ́hùn-ún, ọgọ́sàn-án ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ogójì fóltì ti run sójú ọ̀nà. Ọgọ́rin ámípù sì ni oníṣẹ́ iná ní ó ń kọjá lórí wáyà náà. Bàbá fi ọgọ́rin pín ogójì. Inú wọn dùn bí ọmọdé. "Ìdajì óòmù! Wáyà náà ti gbó, ó tínrín, ó sì gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fa ámípù kan ṣoṣo, ó ti mú ìdajì fóltì lọ lọ́wọ́ gbogbo wa." Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni. Màmá ṣì ń rìn lọ sí ọjà Bódìjà fúnra wọn.

Nígbà tó yá ni ẹ̀dọ̀fóró Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa lo ẹ̀rọ ọ́síjìn nílé, èyí tó ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé atẹ́gùn sí wọn nímú. Bí iná ò bá tó igba ó dín mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà á máa ké, á sì kú. Mọ́tò kékeré ló ń yí nínú ẹ̀rọ náà, ti mọ́tò sì yàtọ̀ sí ti kẹ́tùlù. Bí iná bá kéré, kẹ́tùlù á ṣì mú omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mọ́tò ò tilẹ̀ ní yí rárá. A gbé jẹnẹrétọ̀ wá, èéfín rẹ̀ ń fún Màmá lọ́rùn ju àìsàn lọ. A ra bátìrì ínfátà, iná tó yẹ kó fi gba cháàjì náà ni ò sí. Sólà tí àbúrò ìyá mi ṣèlérí láti òkè òkun, ìlérí yẹn ni a ṣì ń jẹ títí dòní. Ó wá ku sílíńdà ọ́síjìn kan, èyí tó máa ń tètè tán.

Bàbá wá dìde ní ìpàdé àwọn onílé. Wọ́n ṣàlàyé wáyà, wọ́n ṣàlàyé ìdajì óòmù, wọ́n ní bí ilé díẹ̀ bá ń jẹ́ kí fíríìsà àti áyọ́ọ̀nù wọn sinmi ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa yí ká láti ilé dé ilé, iná á tó gbogbo wa. Wọn ò fi Màmá pamọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ń mí pẹ̀lú iná yìí." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alága ní, "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ sọ, Bàbá, a ti gbọ́." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, àádọ́jọ ni mítà kà. Mo bú wọn láti ibi àga mi, mo bú alága, mo bú gbogbo wọn. Bàbá ní kí n yé bú wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé ẹlòmíì ló máa ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun kan, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ bẹ́ sí. Wáyà mẹ́ta ló ń bọ̀ láti ìdí tiransifọ́mà sí àdúgbò wa: rẹ́ẹ̀dì, yẹ́lò, búlúù. Fésì là ń pè wọ́n. Ilé kọ̀ọ̀kan lè ti fúùsì rẹ̀ bọ èyí tó bá wù ú. Bí rẹ́ẹ̀dì bá rọ, ẹnì kan á figbe ta lójú títì pé, "Yẹ́lò ló dáa o!" Kíá, ẹ ó máa gbọ́ kà, kà, kà, lára ògiri gbogbo ilé. Gbogbo àdúgbò ti dì sórí yẹ́lò. Láìpẹ́ yẹ́lò náà á rọ, tàbí kí fúùsì rẹ̀ jó nídìí tiransifọ́mà, a ó sì tún sá lọ sórí búlúù. Bàbá ò sá rí. Orí rẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Alága rẹ́ẹ̀dì ni Màmá máa ń pè wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sọ yìí, kété tí wọ́n pe ìrun mọ̀ngàríbà tán ni ẹ̀rọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ogóje. Sílíńdà ti tán, ìyá mi ti gbé e lọ kún ní Ríìngì Róòdù, gó-sìló sì ti mú wọn ní Mọ́kọ́lá. Ìyàwó pásítọ̀ wa jókòó ti Màmá. Bàbá ní kí n dìde, ká lọ bẹ àwọn èèyàn.

A kan ilẹ̀kùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Daddy, no vex, we go off am now now." Wọ́n pa àwọn kúkà oníná wọn lóòótọ́. Kí a tó dé géètì ni mo tún rí ọ̀kan tí iná rẹ̀ ń pọ́n lójú fèrèsé. A lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "A ti gbọ́, Bàbá, ẹ bá wa kí Màmá." A kan ti Alhaja. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí Bàbá parí ọ̀rọ̀, wọ́n pa gbogbo fíríìsà lójú wa, wọ́n sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run á san án fún wọn.

A wọlé, iná kò tíì tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kígbe lójú títì: "Búlúù ti dé o! Búlúù ló dáa!" Mo sáré lọ sídìí fúùsì wa. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá lọ tán, rẹ́ẹ̀dì á fúyẹ́."

Ó sì fúyẹ́! Mo fi ojú mi rí i. Ọgọ́jọ. Ọgọ́sàn-án. Igba. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ igbe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n lajú, wọ́n ní, "Alága rẹ́ẹ̀dì, ẹ kúuṣẹ́ o." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà ń jó níbẹ̀ bí wèrè.

A ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí a gbọ́ gbàmù láti ìdí tiransifọ́mà. Búlúù ti jó, yẹ́lò kò sì ní iná láti òwúrọ̀. Gbogbo ojú títì ṣókùnkùn, àfi àwa tá a wà lórí rẹ́ẹ̀dì. Bàbá ò wo ìta. Mítà ni wọ́n ń wò. Igba ni, ó di igba ó dín márùn-ún, ó di ọgọ́sàn-án. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí Màmá gbọ́: "Wọ́n ń bọ̀."

Kà, kà, kà. Ilé kan tẹ̀ lé ilé kan. Ogóje. Ọgọ́fà. Gílóòbù ilé wa pọ́n bí ẹyin iná. Alhaja sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn rí i tí gbogbo ilé tan tiwọn ni àwọn náà tan fíríìsà padà. Rẹ́ẹ̀dì náà bá jó. A gbé Màmá sínú ọkọ̀ ìyàwó pásítọ̀ nínú òkùnkùn. A ò tíì kọjá Bódìjà tí Màmá fi dákẹ́ lórí itan mi. Bàbá wà níwájú, mítà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò yíjú padà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìṣirò náà pé." Nígbàkígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú máa ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, Bàbá yọ fúùsì ilé wa. Wọn ò yọ ọ́ torí pé iná bàjẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n gbé e pamọ́. Láti ọjọ́ náà, àtùpà ni wọ́n ń tàn. Wọn ò lo fáànù mọ́, wọn ò lo fíríìjì mọ́, wọn ò gbọ́ rédíò àfi ti bátìrì. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀hún sí wọn létí. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ti yí wọn lórí, àwọn mìíràn ní àdúgbò ni wọ́n ń bá ṣe kèéta. Alhaja wá kúnlẹ̀ sí pálọ̀ wa, wọ́n ń sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá, ẹ tan iná yín." Bàbá dì wọ́n mú dìde. "Ẹ dìde, Alhaja. Mi ò bá yín jà. Ohun tí mo ní ká jọ máa ṣe ni mò ń ṣe."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n dá nípàdé ni wọ́n ń dá tẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni ò bá wọn ṣe é, kódà fún ìrọ̀lẹ́ kan. Nígbà tí ooru mú, tí ibà sì wọ̀ wọ́n lára, ìyá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí Akóbọ̀, wọ́n kọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, fóltì mélòó ni èyí tí ẹ̀ ń ṣe yìí tilẹ̀ fi kún tiwọn?"

Wọn ò ronú lé e. "Ámípù mẹ́rin ni ilé wa ń fà. Ìdajì óòmù. Fóltì méjì."

"Kí ni fóltì méjì lè ṣe?"

"Kò lè ṣe nǹkan kan," wọ́n wí. Ibà náà ló gbé wọn lọ, nínú yàrá tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ooru ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àìsùn, ìyá mi ní kí oníṣẹ́ iná ti fúùsì tuntun bọ ilé, kí àwọn àlejò lè ríran. Orí rẹ́ẹ̀dì ló tì í sí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wà lọ́jọ́ náà. Láàárín orin, Alhaja gba gbohùngbohùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, bàbá yìí bẹ̀ wá títí, a ò dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo nǹkan tá a tàn, ká fi bọlá fún wọn." Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, gbogbo wọn ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré lọ pa kúkà wọn. Ọmọ Alhaja sáré lọ pa fíríìsà. Àwọn èèyàn ń ké láti ilé dé ilé pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n pa á. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Gílóòbù kan ló ń tàn ní pálọ̀ wa. Mo rí i tó ń funfun. Mo wọlé, mo ki mítà bọ ògiri. Igba ó lé mẹ́wàá. Bí mo ṣe gbójú sókè, Alhaja wà lẹ́yìn mi.

"Mélòó ló kà?"

Mo sọ fún wọn.

"Ṣé ìyẹn ì bá gbé ẹ̀rọ Màmá?"

"Ì bá gbé e dáadáa, Alhaja. Ì bá gbé e títí ìyá mi á fi dé láti Mọ́kọ́lá."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Níta, ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò, ó ní Bàbá ti gbọ́ ibi tí wọ́n wà, ó ní kí wọ́n tan iná padà kí oúnjẹ tó bàjẹ́. Àwa méjèèjì ń wo mítà. Igba. Ọgọ́sàn-án. Ọgọ́jọ. Ó dé àádọ́jọ.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé fíríìsà tèmi wà nínú ohun tó ń fà á wálẹ̀ yìí?"

"Ó wà nínú rẹ̀, Alhaja."

Wọn ò lọ pa á. Èmi náà ò sì ní kí wọ́n lọ pa á.